Edwin Armstrong, Ẹni tí ó Lé Ariwo Kúrò nínú Rédíò

Ní ilé bàbá mi, rédíò kan wà lórí àpótí ní yàrá àlejò, ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ. Bí òjò bá ti ṣú, tí mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, rédíò náà a máa ha bí ẹni tí ń dín àkàrà. Orin a dàrú, ìròyìn a já sí wẹ́wẹ́. Bàbá mi a ní, "Ẹ pa á, ojú ọ̀run ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀." Èmi rò nígbà náà pé bí a ti dá rédíò nìyẹn, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo tó mọ̀ pé ọkùnrin kan ti wà rí tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Pé ó lé ariwo náà jáde nínú rédíò, àti pé ìjà tí ó jà nítorí iṣẹ́ náà ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Edwin Howard Armstrong. Nínú àwa tí ń gbọ́ rédíò lójoojúmọ́, àwọn tí ó mọ orúkọ yìí kò pọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1890. Àìsàn kan mú un ní kékeré, ó sì fi àmì sí i lára: bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, ọrùn àti èjìká rẹ̀ a máa gbọ̀n fúnra wọn. Ohun yìí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Bóyá èyí ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó fẹ́ràn láti dá wà. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Yonkers, ó gba yàrá òkè àjà, ó sì kó wáyà àti bátìrì kún inú rẹ̀. Ó gbé òpó kan ró sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí gíga rẹ̀ tó 125 ẹsẹ̀ bàtà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gùn ún. Ojú kì í pọ́n ọn lókè.

Ó wọ Yunifásítì Columbia. Ní àkókò yẹn, gílóòbù kan wà tí Lee de Forest ṣe ní ọdún 1906, èyí tí a lè fi gbọ́ ohùn rédíò, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ dájú. Armstrong jókòó tì í títí ó fi yé e. Ní ọdún 1912, ó rí i pé bí a bá mú díẹ̀ nínú iná tí ó jáde lára gílóòbù náà, tí a tún dá a padà sí ibi tí ó gbà wọlé, ohùn tí kò ju ti eṣinṣin lọ yóò bú sókè. Ó dàbí àgbẹ̀ tí ó mú èbù nínú iṣu tí ó kó, tí ó tún gbìn ín, tí ó tún kórè, tí ó tún gbìn ín. Ó bẹ bàbá rẹ̀ lówó kí ó lè gba ìwé ìjọba tí yóò fi hàn pé òun ni ó ni àrà yìí. Bàbá rẹ̀ ní kí ó kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ni ó bá ya àwòrán iṣẹ́ náà, ó mú un lọ síwájú ẹni tí òfin fún ní àṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, ó sì gba òǹtẹ̀ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1913. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ yìí sọ́kàn.

Ogun àgbáyé kìíní gbé e lọ sí Páríìsì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe àrà kejì ní ọdún 1918. Nínú ẹ̀rọ yìí, ìgbì tí ó wọlé láti òde yóò pàdé ìgbì mìíràn tí rédíò fúnra rẹ̀ dá, àwọn méjèèjì yóò sì bí ìgbì kẹta tí ó rọrùn láti mú lágbára. Orúkọ rẹ̀ ni superheterodyne. Rédíò orí àpótí bàbá mi, ọ̀nà yìí ni ó gbà ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí ó tẹ̀ lé e.

Owó dé. Ilé iṣẹ́ Westinghouse fún un ní $335,000 ní ọdún 1920, ilé iṣẹ́ RCA sì tún fún un ní owó àti ìpín nínú òwò wọn ní 1922. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni David Sarnoff, ọ̀gá ní RCA. Ọ́fíìsì Sarnoff ni Armstrong ti rí Marion MacInnis, akọ̀wé rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ ní 1923. Ẹ̀bùn tí ó ṣe fún ìyàwó rẹ̀ ni rédíò superheterodyne tí ènìyàn lè gbé rìn, èyí àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ayọ̀ yìí ni ẹjọ́ ti wọlé. De Forest ní òun ni ó kọ́kọ́ ṣe àrà ti 1912. Ẹjọ́ náà lọ láti kóòtù dé kóòtù; Armstrong jàre lákọ̀ọ́kọ́, ó sì padà jẹ̀bi. Ní ọdún 1934, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá De Forest láre. Armstrong kó àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ rédíò ti fún un lọ bá wọn, ó ní òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kọ̀, wọn kò gbà á. Adájọ́ mọ òfin; àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́.

Lásìkò yìí, ó ti ń ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí n fi gángan ṣàlàyé rẹ̀. Bí onílù bá ń fi kọ̀ǹgọ́ lu ìlù, nígbà mìíràn kíkan, nígbà mìíràn jẹ́jẹ́, bí rédíò ti ìgbà náà ti ń gbé ọ̀rọ̀ nìyẹn: agbára ìgbì ni ó ń lọ sókè sódò. Ààrá àti mànàmáná náà a sì máa fi agbára kún ìgbì, rédíò kò sì lè mọ èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ariwo. Ṣùgbọ́n onígángan gidi kò fi agbára sọ̀rọ̀. Ó ń fún ọsán ìlù, ó ń dẹ̀ ẹ́, ohùn a sì máa lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, ohun tí ó wí yóò yé wa. Ohun tí Armstrong ṣe nìyí: ó fi agbára ìgbì sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì mú kí yíyára gbígbọ̀n rẹ̀ máa yí padà. Òun ni a ń pè ní FM. Ó gba ìwé ìjọba lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1933. Nígbà tí ó fi í han àwọn onímọ̀ ní New York ní oṣù Kọkànlá 1935, wọ́n gbọ́ bí a ti ń da omi sínú ife láti ọ̀nà jíjìn, ó sì dàbí ẹni pé iwájú wọn ni a ti ń dà á.

Sarnoff ti gbà á láyè láti dán an wò lórí ilé Empire State, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ni RCA ń fi owó sí. Ní 1935, wọ́n ní kí ó kó ẹ̀rù rẹ̀ kúrò. Ó lọ fi owó ara rẹ̀, ó ju $300,000 lọ, kọ́ òpó gogoro ní Alpine ní New Jersey. Òpó náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba FM, RCA fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ̀ ọ́ ní 1940. Ó kọ̀ ọ́, ó ní bí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń san owó lórí rédíò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kí RCA náà san. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó jẹ́ kí àwọn ológun Amẹ́ríkà lo àrà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ogun kò tíì parí tán ní 1945 tí ìjọba fi kó FM kúrò ní ipò rẹ̀ láàárín 42 àti 50, wọ́n sì gbé e lọ sí 88 sí 108. Gbogbo rédíò FM tí àwọn ènìyàn ti rà di ohun ìgbéjù.

Ní 1948, ó pe RCA lẹ́jọ́. Àwọn àgbà sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́. Ní ìdílé tiwa, mo ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ tí a fi ọdún mọ́kànlá ṣe. Nígbà tí a jàre, owó ilẹ̀ náà ti tán sọ́wọ́ lọ́yà. Bẹ́ẹ̀ ni ti Armstrong. Ìwé àṣẹ rẹ̀ lórí FM parí ní 1950, ẹjọ́ kò parí. Owó ń tán lọ. Ní oṣù Kọkànlá 1953, òun àti Marion jà lórí owó tí wọ́n ti fi pamọ́ fún ọjọ́ ogbó; inú bí i, ó nà án ní irin lápá, obìnrin náà sì kó jáde. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1954, ó kọ ìwé sí i láti tọrọ àforíjì, ó wọ aṣọ òtútù rẹ̀, ó sì já bọ́ láti ojú fèrèsé àjà kẹtàlá. Ó pé ọdún mọ́kànlélógójì géérégé tí ó gba òǹtẹ̀ sí àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́.

Marion kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú. Kí ọdún 1954 tó parí, RCA san ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, iye tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ó bá àwọn ilé iṣẹ́ yòókù jà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jàre èyí tí ó kẹ́yìn ní 1967.

Mo ti bi ara mi léèrè pé ṣé kò bá ti gba mílíọ̀nù àkọ́kọ́ náà. Èmi kò lè sọ pé ó gbọ́n ní kíkọ̀ ọ́, èmi kò sì lè gbójú fo ohun tí ó ṣe sí ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè bá a wí pé ó ní kí a pe iṣẹ́ òun ní iṣẹ́ òun. Ẹni tí a já òtítọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kí ó tó gbà láti pín in lẹ́ẹ̀kejì.

Lónìí, bí ẹ bá ṣí rédíò ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, àárín 88 sí 108 ni ẹ óò ti rí àwọn ilé iṣẹ́ FM wa, níbi tí a kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní 1945. Bí òjò bá sì ń rọ̀, tí mànàmáná ń kọ, tí ẹ ṣì ń gbọ́ gbogbo ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń wí, ẹ rántí ẹni tí ó ṣe é.