Ẹ̀fọn Mélòó Ni Ibà Nílò? Ìṣirò Tó Kan Àbàtà Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, fi ẹ̀rí hàn pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ti ń dàgbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Sir William MacGregor dé Èkó gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Dókítà ni òun náà, ó sì gba ọ̀rọ̀ Ross gbọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi yanrìn dí àbàtà ìlú, wọ́n ń pín kuníìnì fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbẹ́ odò tí wọ́n fi orúkọ gómìnà náà pè sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Àwọn obìnrin gbajúmọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1901, wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé kọ́ àwọn ìyá ọmọ nípa ìmọ́tótó.

Àwọn dókítà òyìnbó kan ní ìmọ̀ràn mìíràn. Wọ́n ní kí òyìnbó lọ máa gbé níbi tó jìnnà sí aláwọ̀ dúdú, nítorí pé ara àwọn ọmọdé wa ni ẹ̀fọn ti ń rí ibà gbé. MacGregor kọ̀ jálẹ̀. (Lẹ́yìn tó ti lọ tán, Ìkòyí di àdúgbò òyìnbó bẹ́ẹ̀ náà, odò tó gbẹ́ nítorí ẹ̀fọn sì di ààlà.) Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣòro: ta ló lè pa ẹ̀fọn tán nílùú tí omi yí po?

Ìṣirò ni Ross fi dáhùn nínú ìwé tó kọ lórí ibà ní Mauritius ní 1908. Ká ní 1,000 èèyàn ló wà nílùú kan, tí ẹnì kan ṣoṣo ní ibà, tí ẹ̀fọn ibẹ̀ sì jẹ́ 48,000. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀fọn bá rí èèyàn jẹ, 12,000 nìyẹn. 12 péré ni yóò kan aláìsàn náà. Kòkòrò ibà yóò lo bí ọjọ́ mẹ́wàá nínú ẹ̀fọn kó tó lè ràn. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá yè di ìgbà náà, ó ku mẹ́rin. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí bá tún rí èèyàn jẹ, aláìsàn kan ti kó ibà ran ẹyọ ẹnì kan. Bí ẹ̀fọn bá wá dín sí ìdajì, aláìsàn méjì ni yóò máa ran ẹnì kan, ibà yóò sì máa relẹ̀ títí yóò fi tán, bí ẹ̀fọn tó kù tilẹ̀ ń kùn létí.

Ní àwọn ọdún 1950, George Macdonald fi kún un pé ọjọ́ ayé ẹ̀fọn ló ṣe pàtàkì jù: èyí tó bá kú ṣáájú ọjọ́ mẹ́wàá kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí wọ́n ń fín sí ògiri fi lágbára.

Àmọ́ ìṣirò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Láàárín 1969 sí 1976, ní Garki, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Jigawa báyìí, àjọ ìlera àgbáyé WHO àti ìjọba Nàìjíríà fín oògùn, wọ́n pín oògùn ibà. Ibà dín kù gan-an, kò tán. Ẹ̀fọn ibẹ̀ pọ̀ jù.

Ní ti Ìsàlẹ̀ Èkó, púpọ̀ nínú ẹ̀fọn inú gọ́tà tó dọ̀tí ni kì í ṣe anopheles, irú èyí tó ń gbé ibà. Wọ́n ń jẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ìṣirò Ross.