Àgógó Ẹyẹ àti Ihò Òdòdó ní Erékùṣù Hawaii

Àárín agbami òkun Pàsífíìkì ni àwọn erékùṣù Hawaii wà. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ ńlá tó sún mọ́ ọn jù lọ ju 3,500 kìlómítà lọ. Òkè oníná ló gbé wọn yọ láti ìsàlẹ̀ òkun, wọn kò sì so mọ́ ilẹ̀ mìíràn rí. Ohun ẹlẹ́mìí yòówù tó débẹ̀ kí ènìyàn tó dé, afẹ́fẹ́ ló gbé e wá, tàbí omi, tàbí ìyẹ́ apá ara rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé, àwọn díẹ̀ yìí ló sì bí ọ̀pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa ohun alààyè fi ń lọ síbẹ̀ láti wo bí ẹyẹ àti òdòdó ṣe ń tún ara wọn dá.

Òdòdó ló ṣáájú. Ìwádìí tí Thomas Givnish àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé ewéko kan ṣoṣo láti inú ìdílé lobelia ló balẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 13 ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà, Kauaʻi, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn erékùṣù ńlá tòní, kò tíì yọ lójú omi. Erékùṣù tí ewéko náà kọ́kọ́ hù sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán báyìí, ṣùgbọ́n irú-ọmọ rẹ̀ ti di nǹkan bí irú 126. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹyẹ kékeré kan tí ń jẹ kóró fò wá láti Éṣíà. Ó lé ní irú 50 tó ti ara ẹyẹ yìí jáde. Àwọn kan ṣì ń jẹ kóró, àwọn kan ń jẹ kòkòrò, àwọn kan sì yà sídìí omi dídùn inú òdòdó. Lára àwọn wọ̀nyí ni ʻiʻiwi, ẹyẹ pupa tí àgógó rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ wálẹ̀, àti mamo, tó dúdú tó sì ní ìyẹ́ pupa rúsúrúsú níbi ìdí.

Omi dídùn tí òdòdó ń sun kì í ṣe ọrẹ lásán. Òdòdó kò lè rìn, bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ dé ara òdòdó ẹgbẹ́ rẹ̀ kí irúgbìn lè wà. Nínú òdòdó Clermontia àti Cyanea, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìdílé lobelia, ìsàlẹ̀ ihò gígùn ni omi náà wà, ọ̀pá tó ń ti lẹ́búlẹ́bú jáde sì nà sókè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹyẹ tó bá ki àgógó bọ inú ihò yìí á fi iwájú orí kan ọ̀pá náà. Bí ihò bá kúrú, ẹyẹ á mu omi tán láìfara kan ohunkóhun, òdòdó bẹ́ẹ̀ kò sì ní so dáadáa. Èyí tí ihò rẹ̀ jìn díẹ̀ sí i ni yóò ní irúgbìn púpọ̀. Láàárín àwọn ẹyẹ pẹ̀lú, nígbà tí òdòdó bá wọ́n, èyí tí àgógó rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ ni ebi ń pa. Èyí tó dé ibẹ̀ á yó, á yé ẹyin, á pa ọmọ. Kò sí ẹni tó pète rẹ̀. Bí ihò ṣe ń jìn ni àgógó ń gùn láti ìran dé ìran, títí àgógó fi ń wọ òdòdó bí idà ṣe ń wọ àkọ̀.

Robert Perkins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkójọ ẹyẹ àti kòkòrò, rí ẹ̀rí èyí ní erékùṣù Molokaʻi ní ọdún 1893. Òun ló kọ́kọ́ mú mamo dúdú, irú mamo mìíràn, fún àkójọ, ó sì rí i pé lẹ́búlẹ́bú lobelia ti lẹ̀ mọ́ ẹyẹ náà níwájú orí. Láti ọdún 1907, kò sí akójọ-ẹyẹ mìíràn tó tún mú mamo dúdú.

Ẹyẹ mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ʻōʻō. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn ẹyẹ amoje-òdòdó ti Australia, nítorí àgógó àti ahọ́n wọn jọra. Ní ọdún 2008, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé wọn kò bá ara wọn tan rárá. Iṣẹ́ kan náà, lọ́dọ̀ irú òdòdó kan náà, ló mú kí ìdílé méjì tó jìnnà síra jọ ara wọn.

Àwọn ará Hawaii àtijọ́ ń fi ìyẹ́ ẹyẹ wọ̀nyí ṣe agbádá fún àwọn ọba. Ní 26 January 1779, ọba Kalaniʻōpuʻu fi ọ̀kan ta ọ̀gákọ̀ James Cook lọ́rẹ ní Kealakekua. Àwọn kan a máa sọ pé agbádá yìí ló pa ẹyẹ run. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀: ọ̀rúndún mélòó kan ni wọ́n fi ń kó ìyẹ́, ẹyẹ sì ṣì pọ̀ nígbà tí Cook dé. Ohun tó tẹ̀ lé dídé rẹ̀ ló le jù. Ọ̀gákọ̀ George Vancouver kó màlúù wá ní ọdún 1793, ọba Kamehameha sì fòfin de pípa wọn, ni wọ́n bá pọ̀ káàkiri. Màlúù, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ jẹ lobelia láti ìdí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ewéko tí kò mọ ẹranko ajewéko irú wọn rí kò ní ẹ̀gún tó lè fi gbèjà ara rẹ̀.

Ìtàn sọ pé ọkọ̀ ojú omi Wellington ló gbé ẹ̀fọn dé Maui ní ọdún 1826, nínú omi àgbá tí àwọn atukọ̀ dà nù ní Lahaina. Lẹ́yìn náà ni ibà ẹyẹ ràn. Kì í ṣe ibà tí ń ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á bá tiwa tan. Àwọn ẹyẹ tí kò bá ẹ̀fọn gbé rí kò ní agbára kankan lára láti bá a jà. Nígbà tí wọ́n dán an wò, nǹkan bí 9 nínú 10 ʻiʻiwi ni ẹ̀fọn pa pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gé wọn jẹ. Àwọn tó kù sá lọ sórí òkè gíga tó tutù, níbi tí ẹ̀fọn kò ti lè gbilẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ʻōʻō ti Kauaʻi ni ọdún 1987. Ìjọba Amẹ́ríkà ka ʻiʻiwi sí ẹ̀dá tó wà nínú ewu ní ọdún 2017.

Ara ʻiʻiwi fúnra rẹ̀ ti ń gba àyípadà. Thomas Smith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àgógó àwọn ʻiʻiwi ìsinsìnyí wé ti àwọn tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àbájáde wọn, tó jáde ní ọdún 1995, ni pé àgógó apá òkè ti kúrú sí i. Lobelia ti di ọ̀wọ́n, òdòdó igi ʻōhiʻa sì ni ẹyẹ náà ń mu jù báyìí. Òdòdó yìí kò ní ihò gígùn, kò sì sí èrè fún àgógó gígùn lórí rẹ̀. Ohun tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran láti gùn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún.

Òdòdó kan rí alágbàṣe mìíràn. Ní ọdún 1983, Paul Cox kọ̀wé pé òun rí lẹ́búlẹ́bú ewéko ʻieʻie lára òkú àwọn ẹyẹ àtijọ́ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Lónìí, ẹyẹ kékeré kan láti Japan, tó ní òrùka funfun yí ojú ká, tí wọ́n kó wá sí Oʻahu ní ọdún 1929, ló ń bá ʻieʻie ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń dé ìdí àwọn Clermontia kan pẹ̀lú. Àgógó rẹ̀ kúrú, kò lè dé ìsàlẹ̀ ihò tó jìn jù. Ní ti àwọn ẹyẹ ìbílẹ̀, láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń tú akọ ẹ̀fọn sílẹ̀ nínú igbó Maui, irú èyí tí ẹyin abo tó bá gùn kò ní lè pa, kí ẹ̀fọn lè dínkù níbi tí àwọn ẹyẹ tó kù ń gbé.