ÈDÈ YORÙBÁ ÀTI ÈDÈ LÁRÚBÁWÁ: ỌMỌ ÌYÁ NI WỌ́N NI, TÀBÍ ALÁBÀÁGBÉ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ níbi wọ̀límọ̀ àti ní ìpàdé ẹgbẹ́ níhìn-ín ní Ìwó. Wọ́n ní láti Mẹ́kà ni Yorùbá ti wá, àti pé nítorí náà èdè Lárúbáwá ni ìyá èdè wa. Ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá ni àwọn ọ̀rọ̀ bí àlàáfíà, àdúrà, wákàtí àti sùúrù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéú, tí a sì tún lọ sí ilé-ìwé òyìnbó, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọmọ tí a bá fi ìtàn tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tọ́, lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá já ìtàn náà fún un, ó lè rò pé ẹ̀sìn tí a kọ́ ọ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni.

Ìtàn yìí ti pẹ́ nínú ìwé. Ní 1812 ni Muhammad Bello ti Sókótó kọ Infaqul-Maysur. Ohun tó wí níbẹ̀ ni pé ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, ẹ̀yà Námúrúdù, ni Yorùbá, tí Yáárùbù ọmọ Kọ́tánì lé kúrò nílé. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ìtàn Mẹ́kà tí àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ń pa sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé Lárúbáwá ni wá; ọ̀nà Íjíbítì ni ó kọjú sí. Ní 1948, Olumide Lucas náà kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ, ó fi wọ́n wé ti Íjíbítì àtijọ́. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe: ọ̀rọ̀ méjì dún bákan náà, wọ́n bá so wọ́n pọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ilẹ̀ Wales, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Edwards kó ọ̀rọ̀ Welsh jọ ní 1675, ó fi wọ́n wé èdè Hébérù, kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè rí i pé èdè wọn súnmọ́ èdè àwọn ànábì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ejì àti ẹta. Welsh ní dau, tri. Látìnì ní duo, tres. Gẹ̀ẹ́sì ní two, three. Hébérù ní shnayim, shalosh. Ta ni kò rí ibi tí ìbátan wà? Ní 1707, Edward Lhuyd fi ìwé rẹ̀ hàn pé èdè àwọn ará Ireland, Cornwall àti Brittany ni ọmọ ìyá Welsh.

Ìdánwò yìí kan náà ni kí a ṣe fún tiwa. Ọ̀rọ̀ ọjà àti ti ẹ̀sìn ṣeé yá. Ọ̀rọ̀ inú ilé, bí ẹ̀yà ara, omi àti òǹkà, kì í tètè yí padà. Lárúbáwá ń pe ojú ní ‘ayn, ọwọ́ ní yad, omi ní mā’. Hébérù ń pè wọ́n ní ‘ayin, yad, mayim. Àwọn méjèèjì yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́. Àwa ní ojú, ọwọ́, omi. Ẹ wá gbọ́ bí àwọn Ígálà ṣe ń kà: eji, ẹta, ẹlẹ, ẹlu, ẹfa. Lárúbáwá ní ithnān, thalātha, arba‘a, khamsa, sitta. Ní 1963, Joseph Greenberg pín àwọn èdè Áfíríkà sí agboolé-agboolé: Yorùbá wà nínú agboolé kan, Lárúbáwá àti Hébérù wà nínú òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń hun ọ̀rọ̀ pàápàá kò jọra. Lárúbáwá a mú kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, bí k-t-b, a yọ kataba (ó kọ ọ́), kitāb (ìwé) àti kātib (akọ̀wé) jáde nínú rẹ̀. Ní tiwa, ohùn ni ọba: igbá, igba àti ìgbà, lẹ́tà kan náà ni, ìtumọ̀ mẹ́ta ni.

Ǹjẹ́ àlàáfíà àti àdúrà kò ní ìtàn kankan í sọ? Wọ́n ní, ìtàn náà sì dùn ju ti Mẹ́kà lọ. Hausa ń pe ọjọ́ ní Litinin, Talata, Laraba. Àwa ní Àtìní, Àtàláátà, Àlàrùbá. Songhay, àwọn tó ni Gao lẹ́bàá odò Ọya, ní atinni, atalaata, alarba. Ẹ ò rí i pé ti Songhay ni tiwa jọ! Stefan Reichmuth, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ṣàlàyé lórí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní 1988. A sì ń pe ẹ̀sìn wa ní ìmàle, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé so mọ́ Mali. Èyí fi hàn pé ọ̀nà Mali àti Songhay ni ìmọ̀ ti kọ́kọ́ bá wa. Ọ̀nà Hausa náà sì wà: àlùbọ́sà jọ albasa wọn, kódà orúkọ tí a ń pe Lárúbáwá, láti ẹnu Hausa ni, Larabawa. Ta ni í gba orúkọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò?

Àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti gbogbo wa. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther ń túmọ̀ Bíbélì, àdúrà, àlàáfíà àti wòlíì tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò ni ó mú. Ní Ìwó yìí, níbi tí ẹ̀sìn Islam ti gbilẹ̀ láyé Ọba Mọmọdù Lámúyè tó wàjà ní 1906, ni yunifásítì àwọn Onítẹ̀bọmi wà láti 2001, tí wọ́n fi orúkọ T. J. Bowen pè. Bowen yìí ni ó kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1858. Àlejò ń to ọ̀rọ̀ wa jọ, àwa ń wá ẹni tí yóò bá wa sọ ọ́ di ti Lárúbáwá.

Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kọ́ wa nínú Súrà Ar-Rūm pé ìyàtọ̀ èdè àti àwọ̀ wa wà lára àmì Ọlọ́hun, àti nínú Súrà Ibrāhīm pé èdè àwọn èèyàn òjíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a fi rán an sí wọn. Èdè Lárúbáwá kò ní láti jẹ́ ìyá wa kí a tó fẹ́ràn rẹ̀. Èdè Kùránì ni, ìyẹn tó. Kí àwọn olùkọ́ kéú kọ́ ọmọ ní Lárúbáwá kó já fáfá, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Àmín.