Plásímà: Ọgbọ́n Tó So Fàdákà Pọ̀ Lórí Ike
Fàdákà kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó 962°C. PET, ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ti ń rọ̀ ní nǹkan bí 75°C. Báwo wá ni èèyàn ṣe lè fi fàdákà tẹ ọ̀nà iná mànàmáná sórí irú ike bẹ́ẹ̀, bí a ti ń tẹ ìwé?

Ní 1857, Michael Faraday, ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, sọ wúrà di kóró tó kéré débi pé omi tí kóró náà wà nínú rẹ̀ pupa fòò. Ní 1976, Buffat àti Borel ní Lausanne fi hàn pé irú kóró bẹ́ẹ̀ tètè ń yọ́: bí wúrà bá kéré tó nanometer méjì sí mẹ́ta, ooru tó ń yọ́ ọ fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígírì dín sí 1064°C tí wúrà lásán fi ń yọ́. Kódà, ibi tí kóró bá ti fara kanra, wọ́n lè so pọ̀ kí wọ́n tó yọ́ rárá.

Àmọ́ kóró kì í wà ní ìhòòhò nínú tàdáwà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà iná náà. Wọ́n máa ń fi èròjà kan bò ó kí ó má baà ṣù pọ̀, ìbora yìí gan-an ló sì ń dí iná lọ́nà. Lójú tèmi, òun ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ààrò 200°C lè jó o dànù, ṣùgbọ́n ike á ti bàjẹ́.

Plásímà, gáàsì oníná tí Irving Langmuir sọ lórúkọ ní Amẹ́ríkà ní 1928, ló la ọ̀nà míì. Bí gáàsì inú àpótí bá fẹ́lẹ́, ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù lè gbóná ju 10,000°C lọ kí gáàsì fúnra rẹ̀ má sì gbóná púpọ̀, torí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù fúyẹ́ jù láti ti àtọ́ọ̀mù. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fọwọ́ kan gílóòbù gbọọrọ nígbà tó ń tàn.

Ní 2009, àwọn onímọ̀ láti Jena ní Jámánì àti Eindhoven ní Netherlands, tí Ulrich Schubert wà lára wọn, gbé ìlà fàdákà orí ike sínú plásímà argon. Plásímà náà gé ìbora kóró náà sí wẹ́wẹ́, fàdákà sì kan fàdákà. Òkè ìlà náà ló kọ́kọ́ so pọ̀ bí awọ, kí ó tó máa wọ ìsàlẹ̀ lọ.

Awọ yẹn náà ló wá di ìṣòro: ó ń dènà plásímà, nítorí náà ìlà tín-ín-rín ló rọrùn jù. Bàbà, tí owó rẹ̀ kéré sí ti fàdákà, ṣòro jù ú lọ láti so pọ̀, torí ó máa ń dípẹtà. Wọ́n máa ń fi háídírójìn kún gáàsì rẹ̀, kí ó lè já ọ́síjìn kúrò lára bàbà.