Kí Ló Wà Lábẹ́ Àrán?

"Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora." Àrán kì í ṣe aṣọ tálákà. Aṣọ olóyè ni. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ dé àwùjọ, wọn á sún fún un kó jókòó. Ohun tí òwe náà ń wí ni pé ọlá aṣọ kò lè pa ìtàn ẹni rẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí òwe kò sọ jáde: ó gbà pé ẹnì kan ń bẹ láwùjọ tó mọ̀ pé ẹni tó wọ àrán náà jalè rí. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀, àrán ni àrán ń jẹ́.

Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé orí òkè, ìmọ̀ yẹn kò ṣòroó rí, torí ojú gbogbo wọn tó ara wọn. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn 667 dé ìlú àtijọ́ náà lónìí yóò rí ààfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, wọn yóò sì fi ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn hàn án lára àpáta. Ìtàn wọn ni pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ìbáà ṣe ti ọmọdé, ìbáà ṣe ti géńdé, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́.

Lónìí tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ọmọ Òde-Ìdànrè tàbí Aládé tó bá fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá, fọ́ọ̀mù oníduúró ni yóò gbé kiri. Ọba, alága ìjọba ìbílẹ̀ àti adájọ́ májísíréètì wà lára àwọn tó lè fọwọ́ sí i. Fótò á wà lókè, orúkọ á wà nísàlẹ̀, òǹtẹ̀ á gorí ẹ̀, ó parí. Oníduúró tó mọ bàbá ọmọ náà dáadáa lè má mọ ohun tí ọmọ ṣe l'Ékòó lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀, mímọ̀ nìkan kò tó. Ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ fi Abdulrasheed Maina ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò tún ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ṣe. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní 2013. Ní 2015, àjọ EFCC kéde pé àwọn ń wá a lórí owó ìfẹ̀yìntì náà. Nígbà tó fi máa di 2017, ọkùnrin tí wọ́n ń wá ti padà sí ọ́fíìsì ní Àbújá, ó ti di adelé ọ̀gá nílé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó ìwọléwọ̀de àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ gan-an ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́! Àṣírí kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwé ìròyìn ti gbé e káyé. Ìgbà tí ariwo ta ni Ààrẹ Buhari tó ní kí wọ́n yọ ọ́, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, 2021, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ.

Òfin kọ́ ló ṣàìsí. Abala 16 òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní kí ọlọ́pàá ní ibi àkọsílẹ̀ àpapọ̀, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ìdájọ́ sì dé ibẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn tó ń lọ sí Kánádà mọ ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó wà ní Alágbọn, ní Ìkòyí, dáadáa: wọ́n á tẹ ìka wọn, ọlọ́pàá á fi wé ti àwọn ọ̀daràn tó wà nílẹ̀, kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí ìwà.

Ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí kí wọ́n tó gbọ́n. Ní 2002, Ian Huntley, tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwé kan ní Soham, pa ọmọbìnrin méjì. Ọlọ́pàá Humberside ti gbọ́ ẹ̀sùn nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ṣáájú, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò dé etí ilé ìwé tó gbà á. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó bí àjọ DBS, tó ń yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀daràn wò fún àwọn agbanisíṣẹ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nínú òwe náà: "lẹ́ẹ̀kan." Òwe kì í dárí jini, òfin a máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Abala 66 ìwé òfin 1999 ní ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀sùn èrú kò gbọdọ̀ díje sí ilé aṣòfin àpapọ̀ bí ọdún mẹ́wàá kò bá tíì kọjá. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó jí kòkó nígbà èwe, tó sì ti ń ṣe dáadáa láti ogún ọdún, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí EFCC ń wá lọ́wọ́. Fún iṣẹ́ àárín ọmọdé, ẹ̀sùn tó ń wáyé lemọ́lemọ́ náà yẹ ní wíwò, ṣùgbọ́n kí ẹni náà ráyè sọ tẹnu rẹ̀. Àpáta Agbóògùn kì í gbọ́ àwíjàre. Ìgbìmọ̀ agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ìjọba ló yẹ kó sọ ìwé Alágbọn di dandan fún ẹni tí yóò gbé ìbọn tàbí ṣọ́ owó ìlú, kó sì jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ dí ọ̀nà níbi tó bá yẹ. Ní ti oníduúró tí wọ́n máa gbé fọ́ọ̀mù wá bá ní Ìdànrè lọ́la, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọmọ náà ti gbé láti ọdún márùn-ún, kó tẹ ẹnì kan láago níbẹ̀, kó tó fa òǹtẹ̀ yọ.