Owó gbà-má-bínú fún ìdádúró bàálù ní Nàìjíríà

Owó gbà-má-bínú fún ìdádúró bàálù ni owó tí èrò lè béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú nígbà tí bàálù kò bá gbéra tàbí tí kò bá gúnlẹ̀ ní àkókò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ Òfin Ìrìnnà Òfurufú ti ọdún 2022, Apá 19 nínú ìlànà àjọ NCAA, àti Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999. NCAA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú ní orílẹ̀-èdè náà.

Ìlànà Nàìjíríà kò ya iye kan pàtó sọ́tọ̀ fún gbogbo èrò tí bàálù rẹ̀ bá pẹ́. Ohun tí èrò lè gbà dá lórí ọ̀nà mẹ́ta: bóyá bàálù pẹ́ lásán ni, bóyá wọ́n fagi lé ìrìn-àjò náà ni, tàbí bóyá ìdádúró náà fa àdánù tí èrò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ni kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nítorí pé èrò béèrè ohun tó wà fún ọ̀nà kan lábẹ́ òmíràn.

Ìtàn

Àdéhùn àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ẹrù iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sí èrò ni Àdéhùn Warsaw, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1929. Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì mú un wọ Nàìjíríà nípasẹ̀ àṣẹ kan tó jáde ní ọdún 1953. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú Montreal ní Kánádà, wọ́n sì ṣe àdéhùn tuntun tó rọ́pò ti Warsaw. Àdéhùn Montreal bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2003. Òfin Ìrìnnà Òfurufú ti ọdún 2006 sọ ọ́ di òfin ilé ní Nàìjíríà, ó sì mú kí ó kan ìrìn-àjò abẹ́lé pẹ̀lú, lẹ́yìn àtúnṣe díẹ̀. Òfin ọdún 2022 ló wá rọ́pò ti ọdún 2006.

Yàtọ̀ sí òfin àti àdéhùn yìí, àjọ NCAA gbé ìlànà jáde ní ọdún 2015, tí Apá 19 rẹ̀ dá lórí ẹ̀tọ́ èrò. Wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní ọdún 2023. Àwọn iye àti wákàtí tó wà nísàlẹ̀ yìí wá láti inú ìlànà ọdún 2015. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ wo ẹ̀dà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀.

Bí bàálù bá pẹ́

Bí ìrìn-àjò abẹ́lé bá pẹ́, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún èrò láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àkókò tó yẹ kí bàálù gbéra. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n gbọ́dọ̀ fún èrò ní ìpápánu àti ààyè láti pe ẹnì kan lórí fóònù tàbí láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn wákàtí méjì, èrò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò lọ mọ́, kí wọ́n sì dá gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Bí ìdádúró náà bá bọ́ sí àárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin òwúrọ̀, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ pèsè oúnjẹ, yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, àti ọkọ̀ tí yóò gbé èrò lọ síbẹ̀ tí yóò sì gbé e padà. Ní ti ìrìn-àjò sí òkè òkun, ìrànlọ́wọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdádúró bá ti kọjá wákàtí méjì, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó, títí dé orí ibùsùn.

Ìtọ́jú àti ìdápadà owó ni gbogbo èyí. Kì í ṣe owó gbà-má-bínú. Ẹni tó bá dúró de bàálù tó pẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, tó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ibi tó ń lọ, kò ní owó kankan láti gbà lábẹ́ Apá 19 nítorí pé ó dúró, àfi ìtọ́jú tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún un.

Bí wọ́n bá fagi lé ìrìn-àjò

Ìfagilé ni ó ń mú owó gbà-má-bínú wá. Iye tó kéré jù ni ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ìrìn-àjò abẹ́lé, àti ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìrìn-àjò sí òkè òkun. Òdiwọ̀n kan náà ló wà fún èrò tí wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kó wọ bàálù nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ju ìjókòó lọ. Ilé-iṣẹ́ lè bọ́ nínú sísan owó yìí fún ìfagilé bí ó bá ti sọ fún èrò ṣáájú: ó kéré tán wákàtí 24 fún ìrìn-àjò abẹ́lé, àti ọjọ́ méje fún ti òkè òkun. Owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ owó gidi tàbí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí báńkì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìwé ìrìn-àjò mìíràn dípò rẹ̀, èrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Bí àpẹẹrẹ, kí a sọ pé èrò kan ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Àbújá ní ₦120,000. Bí wọ́n bá fagi lé ìrìn-àjò náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ láìsí ìdí tí òfin fàyè gbà, ó lè gba owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà tàbí kí wọ́n fi í sínú bàálù mìíràn, kí wọ́n sì tún san ₦30,000 fún un. Bí ó bá jẹ́ pé bàálù pẹ́ ni, ₦30,000 yẹn kò sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì kí èrò béèrè ní pápákọ̀ òfurufú bóyá ìdádúró ni wọ́n kéde tàbí ìfagilé, kí ó sì gba èsì náà ní kíkọ. Bàálù tí wọ́n ń sún síwájú láti wákàtí dé wákàtí, tí kò sì gbéra rárá, kì í ṣe ìdádúró mọ́.

Àdánù tí èrò lè fi ẹ̀rí hàn

Ọ̀nà kẹta ni Àdéhùn Montreal. Abala 19 rẹ̀ sọ pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni yóò dáhùn fún àdánù tí ìdádúró bá fà, àyàfi bí ó bá fi hàn pé òun ṣe gbogbo ohun tó yẹ láti dènà rẹ̀, tàbí pé kò ṣeé ṣe láti dènà rẹ̀. Àdéhùn náà kò san owó fún ìbínú tàbí àárẹ̀ lásán. Ohun tó ń bò ni àdánù tó ní iye: owó òtẹ́ẹ̀lì tó ti ṣòfò, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kejì tí kò bá ti ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ wá, tàbí owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èrò.

Òdiwọ̀n tó ga jù fún ìdádúró èrò kan ni 4,150 SDR nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn náà. Ó di 4,694 ní òpin ọdún 2009, 5,346 ní òpin ọdún 2019, àti 6,303 láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024. SDR ni ẹyọ ìṣirò owó tí Àjọ Owó Àgbáyé ń lò. Iye rẹ̀ ní náírà máa ń yí padà lójoojúmọ́. Iye wọ̀nyí jẹ́ ti ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Bí ẹrù bá pẹ́ kó tó dé, èrò gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ láàárín ọjọ́ 21 tí ẹrù náà bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹjọ́ gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ láàárín ọdún méjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀tọ́ náà ti kú.

Ohun tó ń gba ilé-iṣẹ́ sílẹ̀

Ìlànà NCAA kò béèrè owó gbà-má-bínú nígbà tí ohun tó ju agbára ilé-iṣẹ́ lọ bá ṣẹlẹ̀. Ojú ọjọ́ ni a mọ̀ jù: ìkúukùu ọyẹ́ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta lè mú kí awakọ̀ òfurufú má rí ọ̀nà ìgúnlẹ̀. Kò sí iná ìgúnlẹ̀ alẹ́ ní àwọn pápákọ̀ òfurufú kan ní Nàìjíríà, nítorí náà bàálù tó bá pẹ́ di ìrọ̀lẹ́ lè má lè lọ síbẹ̀ mọ́. Ọ̀wọ́n epo bàálù náà ti fa ìdádúró púpọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, nígbà tí lítà kan gun orí ₦700, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé kéde pé àwọn yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, kí wọ́n tó yí ìpinnu wọn padà. Ìtọ́jú èrò, bí oúnjẹ àti ibùsùn, kò dúró lórí ẹni tó jẹ̀bi.

Bí a ṣe ń béèrè

Ẹ̀rí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀sùn. Èrò gbọ́dọ̀ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé tí wọ́n fi wọ bàálù, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́, àwòrán pátákó tí wọ́n kọ àkókò ìgbéra sí, àti rìsíìtì ohun gbogbo tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ ni èrò yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ìwé náà yóò sọ nọ́ńbà ìrìn-àjò, ọjọ́, àkókò tí wọ́n kọ àti àkókò tí bàálù gbéra, iye tí èrò ń béèrè, àti abala òfin tó gbé e lẹ́sẹ̀. Bí èsì kò bá wá tàbí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń dáàbò bo èrò ní NCAA, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà ní pápákọ̀ òfurufú ńlá. Àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn oníbàárà, tún lè gbọ́ ẹ̀sùn. Ilé ẹjọ́ ni ìgbẹ̀yìn. Abala 251 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní agbára lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà òfurufú.

Ìrìn-àjò láti Mákun àti ilẹ̀ Rẹ́mọ

Èrò tó bá ń ti Mákun ní Ṣágámù lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà máa ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú Gateway sí agbègbè Ìperu àti Ìlíṣàn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, tó sún mọ́ wọn ju Ìkẹjà lọ. Owó ọkọ̀ orí ilẹ̀ kò sí lára owó tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kò kàn án. Abẹ́ àdánù tí a lè fi ẹ̀rí hàn ni èrò ti lè béèrè rẹ̀, bí ó bá ní rìsíìtì. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá sì mú kí èrò fúnra rẹ̀ pẹ́ dé, kò sí ẹ̀tọ́ kankan lórí èyí.

Ìrìn-àjò láàárín Nàìjíríà àti Bìrìtìkó

Ìlànà 261 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2005, ya iye kan pàtó sọ́tọ̀ fún èrò. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009 fi kún un pé ẹni tó bá pẹ́ dé fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba owó náà bí ẹni tí wọ́n fagi lé ìrìn-àjò rẹ̀. Bìrìtìkó pa ìlànà yìí mọ́ lẹ́yìn tó kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Fún ọ̀nà tó ju kìlómítà 3,500 lọ, bíi Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, iye rẹ̀ ni £520 bí èrò bá pẹ́ dé fún ohun tó ju wákàtí mẹ́rin lọ, àti £260 bí ó bá wà láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ibi tí bàálù ti gbéra ló ń pinnu. Bàálù tó bá gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù wà lábẹ́ òfin Bìrìtìkó, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ni ín. Bàálù tó bá gbéra ní Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù wà lábẹ́ rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ tó ni ín bá jẹ́ ti Bìrìtìkó tàbí ti Yúróòpù. Bí ó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, Apá 19 àti Àdéhùn Montreal ni èrò yóò lò. Nítorí náà, èrò méjì tó fi ọjọ́ kan náà pẹ́ ní Èkó fún wákàtí márùn-ún, tí wọ́n jọ ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, lè ní ẹ̀tọ́ tó yàtọ̀ síra pátápátá nítorí orúkọ tó wà lára bàálù wọn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọdún mẹ́fà ni èrò ní láti gbé irú ẹ̀sùn yìí lọ sí ilé ẹjọ́.