Láàárín Ibùdó Ìdìbò àti Ibi Ìkéde Èsì

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ECN sílẹ̀ láti ṣètò ìdìbò ọdún 1959, orúkọ mẹ́fà ni àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà ti jẹ́: ECN, FEC, FEDECO, NEC, NECON àti INEC tó wà lónìí. Ìjọba kan á dé, á tú ti àná ká, á sọ tirẹ̀ lórúkọ mìíràn, àfi bí ẹni pé orúkọ ló ń ṣe magomágo. Bẹ́ẹ̀, tí a bá yẹ àwọn ìdìbò tó dá wàhálà sílẹ̀ wò fínnífínní, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Aráàlú tẹ̀ka, wọ́n ka ìbò, kí èsì tó dé ibi tí wọ́n ti máa kéde rẹ̀, ó ti di nǹkan mìíràn.

Ìwọ̀ Oòrùn ló kọ́kọ́ fojú winá rẹ̀. Nínú ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, èsì tí ìjọba Akíntọ́lá ń kéde ní Ìbàdàn yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ alátakò UPGA, débi tí Dáúdà Adégbẹ́nrò, aṣáájú wọn, fi kéde èsì tirẹ̀ tí wọ́n sì torí ẹ̀ mú un. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò, àwọn sójà sì gbàjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ní 1983, FEDECO kéde Akin Ọmọ́bórìowó ti NPN gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Òǹdó. Ìpínlẹ̀ náà gbaná, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Adékúnlé Ajáṣin ti UPN. Ọdún méjìdínlógún ló wà láàárín ìdìbò méjèèjì, òfin wọn yàtọ̀, àjọ tó ṣe wọ́n yàtọ̀, àrùn kan náà ló ṣe wọ́n.

Ẹ wá wo June 12, 1993. NEC tí Humphrey Nwosu jẹ́ alága rẹ̀ ṣe é kí wọ́n máa ka ìbò ní gbangba ní ibùdó ìdìbò, lójú àwọn tó dìbò, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti hàn sí gbogbo ayé pé M.K.O. Abíọ́lá ti SDP ló wọlé, kódà ó na Bashir Tofa ti NRC ní Kánò tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀. Ìjọba Babangida fagi lé ìdìbò náà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n kò rí i yí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré: agbára ìbọn ni wọ́n fi gba ìdìbò yẹn, kì í ṣe gègé.

Ìwé tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí kò ju abala kan lọ. EC8A ni INEC ń pè é. Òṣìṣẹ́ tó ń darí ibùdó ìdìbò á kọ iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i ní nọ́ńbà, á tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, aṣojú àwọn ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i, wọ́n á gba ẹ̀dà tiwọn, wọ́n á sì lẹ èsì náà mọ́ ibùdó náà. Láti ibẹ̀ ni yóò ti lọ sí wọ́ọ̀dù, sí ìjọba ìbílẹ̀, títí dé olú ìlú ìpínlẹ̀. Ojú ọ̀nà yìí ni àwọn jàǹdùkú àti olóṣèlú ti ń ṣiṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn ìdìbò 2007, èyí tí Ààrẹ Yar'Adua fúnra rẹ̀ gbà pé ó kù díẹ̀ káàtó, Olúṣẹ́gun Mímikò dúró di 2009 kó tó gba Òǹdó ní kóòtù, Káyọ̀dé Fáyẹmí àti Ráúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá dúró di 2010 ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun. Àwọn tí aráàlú kò yàn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àlééfà.

Àwọn kan á ní ẹni tó jẹ́ alága INEC ni gbogbo rẹ̀, pé ẹ fi Maurice Iwu tó darí ìdìbò 2007 wé Attahiru Jega tó darí ti 2015. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jega kò gbára lé ìwà rere nìkan. Káàdì alálòpẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló gbé wá ní 2015, kó lè ṣòro láti kọ ìbò tó ju iye ènìyàn tó jáde lọ. Ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ dá Ààrẹ Jonathan mọ̀ ní Otuoke, síbẹ̀ Jonathan fìdí rẹmi, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, Ààrẹ ló ń yan alága, àwọn Sẹ́nétọ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais dábàá ní 2008 pé kí wọ́n gba agbára yẹn lọ́wọ́ Ààrẹ, wọn kò sì ṣe é. Orílẹ̀-èdè tó ń retí kí Ààrẹ ṣèèṣì yan ẹni rere ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Àwọn mìíràn á ní ebi ló ba ìdìbò jẹ́, pé “dìbò kóo sebẹ̀” ti gba ìlú kan. Lójú tèmi, ìbò rírà burú, àmọ́ ó ń jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó máa náwó ra ìbò tó bá mọ̀ pé òun lè fi bírò kọ iye tó bá wu òun. Bí ìbò bá ti ń níye lórí ní ibùdó ìdìbò ni owó ń tọ̀ ọ́ wá síbẹ̀.

Òfin ìdìbò 2022 mú kí ìrètí pọ̀ pé ẹ̀rọ BVAS yóò máa ya àwòrán EC8A ránṣẹ́ sórí ìkànnì IReV lójú ẹsẹ̀. Èsì ìbò Ààrẹ ti oṣù kejì ọdún 2023 kò hàn níbẹ̀ lásìkò, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì sọ pé ìyẹn kò tó láti da ìdìbò náà nù. Nítorí náà, nínú ìdìbò yẹn, ìwé tí wọ́n fi bírò kọ ni òfin wò. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dìbò tán tí ẹ ń sáré relé, ẹ dúró gbọ́ kíkà rẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán èyí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri.